127 lórí 83: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ìwádìí ìlera

Ìgbà kajú ni. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ dàgbà ní ìhà gúúsù Kwara mọ ohun tí mò ń sọ. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tọmọdé tàgbà ti gba oko lọ láti ṣa kajú kí oòrùn tó mú. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rán àwa mẹ́fà lọ sí àwọn abúlé kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo lọ́dún 2006, pé ká máa lọ láti ilé dé ilé, ká máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé nígbà náà, mi ò sì tíì ríṣẹ́ gidi kan. Iye fọ́ọ̀mù téèyàn bá kọ ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Bó o bá kọ márùn-ún, owó márùn-ún lo máa gbà. Bó o bá kọ méjìlá, owó méjìlá ni. Bó ò bá bá ẹnikẹ́ni nílé, o rìn lásán nìyẹn, owó ọ̀kadà tó o wọ̀ dé ibẹ̀ sì ti lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo dé agboolé kan, gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀ tì pa. Ọmọ kékeré kan tó ń ṣọ́ ẹ̀pà tí wọ́n sá sóòrùn ló wà níta. Ó ní gbogbo ilé ti lọ sóko. Mo bi í ní orúkọ ìyá tó ni yàrá àkọ́kọ́, ó dá mi lóhùn. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ṣí fọ́ọ̀mù, mo fojú bu ọjọ́ orí, mo sì kọ 127 lórí 83 síbi tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà. Mo ronú kí n tó kọ ọ́ o. Mo ní bí mo bá kọ 120 lórí 80, wọn á fura, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé iye tó dára nìyẹn. 127 jọ òótọ́. Mo kọ 133 lórí 87 fún bàbá tó wà ní yàrá kejì, mo sì kọ ti ẹnì kẹta. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé tí mo fi ní fọ́ọ̀mù mẹ́ta lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, alábòójútó wa wá láti Ìlọrin. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, Alhája ni gbogbo wa ń pè é. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù mi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó ní kí n máa ka nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnì kọ̀ọ̀kan sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: 8, 4, 0, 6, 2, 0, 8. Lẹ́yìn náà ni mo dé 7. Ó ní, "Dúró. Gbé ẹ̀rọ rẹ wá." Ẹ̀rọ oní-mẹ́kúrì là ń lò nígbà yẹn, èyí tí mẹ́kúrì máa ń gun inú gíláàsì lọ sókè. Ó gbé e ka iwájú mi, ó ní, "Ọmọ mi, fi ìlà 127 hàn mí."

Ìlà náà kò sí níbẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n fa ìlà sára ẹ̀rọ náà: 120, 122, 124, 126, 128. Kò sí bí ẹni tó bá wo inú gíláàsì yẹn ṣe máa ka 127 tàbí 83. Nọ́ńbà tí mo rò pé ó jọ òótọ́ jù lọ ló tú àṣírí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi wọhò. Alhája kò pariwo. Ó kàn sọ fún mi pé òun ti yà ní agboolé yẹn láàárọ̀, pé ìyá tí mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ékòó láti ẹ̀yìn Iléyá, ó lọ bá a wẹ ọmọ tuntun.

Mo fẹ́ fa fọ́ọ̀mù náà ya. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó ní ìlà kan ṣoṣo ni kí n fi pa ohun tí mo kọ, kí ẹni tó bá wò ó ṣì lè rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí n kọ "irọ́ ni, mi ò bá a nílé" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n fi déètì sí i, kí n sì buwọ́ lù ú. Bí mo ṣe ṣe é fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn, lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Títí dòní, bí mo bá rí ibi tí wọ́n ti fi ìrésà pa nọ́ńbà rẹ́ nínú fọ́ọ̀mù, àyà mi máa ń já.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù lọ ni ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Èmi rò pé ó máa lé mi dànù ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò owó iṣẹ́ náà ló gbà lọ. Ó sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń ra fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù ni wọ́n á tà fún un, kò ní rí ẹ̀jẹ̀ ríru rà. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún wa. Wọ́n fi àyè kan kún fọ́ọ̀mù tí a óò ti máa kọ "a ò bá a nílé", ìgbà mẹ́ta sì ni a gbọ́dọ̀ padà dé ọ̀dọ̀ ẹni kí a tó kọ ọ́, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti oko dé. Àwọn èèyàn tí à ń bá nílé pọ̀ sí i, irọ́ sì dín kù, láìsí pé ẹnikẹ́ni wàásù fún wa. Mo jẹ̀bi, mi ò ní yí i. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀, inú fọ́ọ̀mù tèmi nìkan kọ́ ni 7 wà.

Láti ìgbà yẹn, orí dátà ìlera ni mo ti ń jẹun ní Ìlọrin, bí mo bá sì ti gbọ́ pé wọ́n mú oníṣẹ́ ìwádìí kan, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: kí ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un?

Ẹ wo Yoshitaka Fujii, dókítà ará Japan tó ń fi oògùn kun àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lóorun. Oògùn tó ń dá èébì dúró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ń kọ pépà ìwádìí lé lórí. Lọ́dún 2000, àwọn dókítà mẹ́ta láti Jámánì kọ̀wé sí jọ́nà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ti ń gbé ìwádìí jáde, pé nọ́ńbà rẹ̀ ti dára jù, pé iye àwọn tórí ń fọ́ láàárín àwọn tó lo oògùn kan àti àwọn tó lo òmíràn máa ń bára dọ́gba ṣáá nínú pépà kan dé òmíràn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ 127 náà nìyẹn? Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá nọ́ńbà kì í mọ bí òótọ́ ṣe máa ń rí gán-an-gàn-an. Àmọ́ kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ, ó sì ń kọ pépà lọ. Ọdún 2012 ni John Carlisle, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó ti nọ́ńbà inú àwọn pépà náà, ó ṣírò wọn, ó sì fi hàn pé wọn ò lè wá bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Lọ́dún kan náà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń fi oògùn kunni lóorun ní Japan yẹ pépà Fujii 212 wò, wọ́n sì rí ayédèrú nínú 172. Ọdún méjìlá ló gbà lẹ́yìn tí wọ́n ti kìlọ̀.

Ẹ lè ní èébì lásán ni, kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀. Joachim Boldt, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Jámánì, ló gbòde nígbà kan lórí omi kan tí wọ́n fi sítáàṣì ṣe, tí wọ́n máa ń fà sí ara ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀. Nígbà tí àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ tú, àwọn olùṣèwádìí kan kó gbogbo ìwádìí lórí omi náà jọ, wọ́n yọ tirẹ̀ kúrò, wọ́n tún un ṣírò. Lọ́dún 2013 ni èsì rẹ̀ jáde: omi náà ń mú kí àwọn tó ń kú pọ̀ sí i, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, ewu ikú yẹn kò hàn gbangba. Mi ò lè ka èyí kí n má rántí igi máńgòrò yẹn.

Ti ọdún 2020 wá ń kọ́? Lọ́jọ́ 22 oṣù karùn-ún, jọ́nà Lancet gbé pépà kan jáde lórí oògùn hydroxychloroquine àti kòrónà, tó ní àwọn tó lo oògùn náà ń kú jù. Wọ́n ní dátà aláìsàn 96,032 láti ilé ìwòsàn 671 káàkiri ayé ló wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Surgisphere. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dá ìdánwò oògùn náà dúró ná. Nígbà tí mo rí i pé Áfíríkà wà lára rẹ̀, mo bi ara mi léèrè pé ilé ìwòsàn wo? Ẹni tó bá ti wọ yàrá káàdì rí lọ́dọ̀ wa mọ ohun tí mò ń sọ. Fáìlì tí wọ́n fi okùn dì, tí ekuru ti bò mọ́lẹ̀, nọ́ńbà aláìsàn kan lára fáìlì mẹ́ta, ẹni tó ń bá ẹ wá a sì ní kó o padà wá lọ́la. Àwọn onímọ̀ tó kọ̀wé ta ko pépà náà béèrè ìbéèrè yìí gan-an, pé báwo ni ilé ìwòsàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà ṣe ní kọ̀ǹpútà tó ń to gbogbo ìyẹn jọ. Surgisphere kò kó dátà náà sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹfà, wọ́n wọ́gi lé pépà náà. Torí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ kéré jù láti béèrè ìbéèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ yàrá káàdì mọ ohun tí olóòtú jọ́nà lókè òkun kò mọ̀.

Ní ilé ìwé gíga wa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé iye pépà ni wọ́n máa ń kà kí wọ́n tó gbéni ga. Ní Ṣáínà nígbà kan, owó ni wọ́n ń kà síni lọ́wọ́ lórí pépà, títí ìjọba fi ní kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀ lọ́dún 2020. Àwọn kan wá sọ pépà kíkọ di òwò, wọ́n ń ṣe é tà bí ẹni ṣe búrẹ́dì. Lọ́dún 2023 nìkan, ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Hindawi wọ́gi lé pépà tó lé ní 8,000.

Ó ti kàn mí rí. Dókítà kan tó ń ṣe ìwé ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ kó dátà wá bá mi. Aláìsàn 200 ló kọ sínú àbá rẹ̀, 140 ló rí, ọjọ́ sì ti lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi fi kún un." Mo ní kó kọ 140, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Inú bí i. Ó tún ní kí n máa yí ìṣirò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún títí p, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bóyá èsì kàn lè jẹ́ èèṣì, fi máa wálẹ̀ sábẹ́ 0.05. Mo dá dátà rẹ̀ padà fún un. Ó lọ bá ẹlòmíràn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, torí èèyàn dáadáa ni, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ òru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra kó tó wá. Ẹni tó fún un ní ọjọ́ yẹn kò bi í rí bóyá àwọn aláìsàn tó ní àrùn náà ń wá.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí àwa tó ń wọlé onílé lọ̀rọ̀ náà ń bá. A wọ agboolé kan ní Pàkátà, ní Ìlọrin, bàbá tó jẹ́ olórí ibẹ̀ kò jẹ́ ká jókòó. Ó ní, "Ṣé irú èyí tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọ Kánò kọ́ lẹ gbé wá?" Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer lọ dán oògùn Trovan wò níbẹ̀. Ọmọ 200 ni wọ́n lò, wọ́n fún ìdajì ní Trovan, wọ́n fún ìdajì ní oògùn mìíràn, 11 nínú wọn sì kú. Ìwé tí wọ́n gbé kalẹ̀ pé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, ó hàn lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí ni wọ́n kọ ọ́, tí wọ́n wá fi déètì àtẹ̀yìnwá sí i. Lọ́dún 2009, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là, láì gbà pé àwọn jẹ̀bi. Déètì kan lórí ìwé kan, bàbá arúgbó ní Ìlọrin kò tíì gbàgbé. A jókòó síta fún wákàtí kan, a ka ìwé ìyọ̀ǹda fún un ní Yorùbá, ó bi wá ní gbogbo ohun tó fẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n gbé àga wá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọdún 2006 yẹn. Àwa tá a lọ sí abúlé yẹn padà débẹ̀ nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Alhája ló ní kí n lọ sí agboolé yẹn fúnra mi. Ìyá náà ti ti Èkó dé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jẹ́ kó jókòó, kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. 170 lórí 96. 168 lórí 94. 168 lórí 94. Ó ń wo ojú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ga ni?" Mo ní, "Ó ga, mà." Mo kọ ọ́ sí pépà kan fún un, kó mú un lọ sí ibùdó ìlera ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo sì kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fọ́ọ̀mù tuntun, mo buwọ́ lù ú.