Kéèkì tí ìyá mi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ lè jẹ

Ní ọjọ́ tí a ṣe àádọ́rin ọdún ìyá mi ní Ìléṣà, àwọn ọmọ-ọmọ gé kéèkì, ẹ̀gbọ́n mi sì gbé ègé àkọ́kọ́ lé màmá lọ́wọ́. Màmá gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún ẹni tí ó gbé e wá, wọ́n sì fi bébà ìnuwọ́ wé e, wọ́n rọra tì í sábẹ́ etí àwo wọn. Mo ń wò wọ́n. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àwọn kò lè jẹ nínú ohun tí a torí àwọn ṣe. Ní òdìkejì tábìlì kan náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ ti Ìlú Ọba wá fún ọdún Kérésìmesì, jókòó ti ọsàn bíbó kan, nítorí pé àrùn celiac kò jẹ́ kí ó lè fẹnu kan ohunkóhun tí a fi fúláwà ṣe.

Kéèkì kéékèèké, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní cupcake, ni mo mọ̀ ọ́n yan jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sè nílé mi níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Ó dùn mí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n àwọn méjì tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ ẹ́. Mo pinnu pé n ó wá irú èyí tí àwọn méjèèjì yóò jọ jẹ láìfòyà, tí ó sì jẹ́ pé ohun tí mo lè rí rà ní Ọjà Titun ni yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni ó gbà mí, ẹyin tí mo sì fi ṣòfò kò níye.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà ni pé mo ka èèwọ̀ àwọn méjèèjì sí ọ̀kan náà. Gluten jẹ́ purotíìnì inú àlìkámà, ó sì wà nínú ọkà bálì àti ráì pẹ̀lú. Òun ni ó máa ń mú kí ìyẹ̀fun tí a fi omi pò fà bí ọ̀dà, tí ó sì máa ń há atẹ́gùn mọ́ inú búrẹ́dì kí ó lè wú. Ẹni tí ó bá ní àrùn celiac, bí ó bá jẹ gluten, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ fúnra wọn ni yóò dojú ìjà kọ ìfun kékeré rẹ̀. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Dicke, ni ó fi yé ayé pé àlìkámà ni ó ń fa ìyọnu náà. Ó ti ń kíyè sí i kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, ṣùgbọ́n ìyàn ọdún 1944 sí 1945 tí kò jẹ́ kí wọ́n rí búrẹ́dì rà níbẹ̀ túbọ̀ fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ó sì kọ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1950. Ti ìyá mi yàtọ̀ pátápátá. Gluten kò ṣe màmá ní nǹkan kan. Kabohaidíréètì, ìyẹn sítáàṣì àti ṣúgà, ni ó ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, nínú 100 gírámù fúláwà, nǹkan bí 75 ni ó jẹ́ kabohaidíréètì, kí a tó wá da ṣúgà lé e.

N kò tíì mọ èyí nígbà tí mo fi láfún yan ti àkọ́kọ́. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ kò ní gluten, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo fi oyin dípò ṣúgà, nítorí pé ẹnu àwọn ènìyàn kò yé sọ pé oyin kì í ṣe aláàtọ̀gbẹ ní nǹkan kan. Kéèkì náà dára, ó funfun, ó sì rọ̀. Mo gbé e lọ fún màmá ní Ìléṣà, wọ́n jẹ méjì, inú wọn dùn. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn wákàtí méjì, 263 mg/dL ni ó wà, bẹ́ẹ̀ ni 131 ni a bá níbẹ̀ kí wọ́n tó jẹun. Àyà mi já. Láfún gbígbẹ ní kabohaidíréètì ju fúláwà gan-an lọ, ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti ìrẹsì kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ, nígbà tí oyin jẹ́ ṣúgà ní bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Nítorí náà, mo bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka èyí tí ó ní aláàtọ̀gbẹ nílé: bí a bá sọ fún yín pé oúnjẹ kan kò ní gluten, ẹ ṣì ní láti béèrè bí sítáàṣì inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Bákan náà ni ẹni tí ó bá ń tọ́jú ẹni tí gluten ń bá jà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ àlìkámà ni sẹ̀mó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í rántí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń rò ó.

Lẹ́yìn èyí ni mo yíjú sí àgbọn. Ìyẹ̀fun àgbọn kò ṣòro láti ṣe nílé: a ó rin àgbọn, a ó da omi gbígbóná lé e, a ó fún wàrà rẹ̀ kúrò, a ó sì sá háhá rẹ̀ tí ó kù lórí páànù fẹ̀ǹfẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ tí yóò máa dún ṣàràṣàrà lọ́wọ́, kí a tó lọ̀ ọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí ó ti ń mu omi tó. Ife méjì fúláwà ni mo máa ń lò tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo da ife méjì ìyẹ̀fun àgbọn sínú ẹyin mẹ́ta, ó sì fa gbogbo omi náà mu lójú mi bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Mo yan án bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bù ú, ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyẹ̀pẹ̀, ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ yóò wá omi mu. Ìdámẹ́rin fúláwà tí a bá ń lò tẹ́lẹ̀ ti tó bí ó bá jẹ́ ti àgbọn, ẹyin sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, nítorí pé nígbà tí gluten kò bá sí níbẹ̀, ẹyin ni ó ń so kéèkì ró. Purotíìnì inú ẹyin ni iná máa ń mú le, tí yóò fi di atẹ́gùn inú rẹ̀ mú. Nígbà tí èyí yé mi ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ègúsí ni ó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà. N kò mọ ìdí tí n kò fi tètè rò ó, nítorí pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í jẹ ẹ́ nílé. Òróró àti purotíìnì ni ó pọ̀ jù nínú ègúsí, sítáàṣì rẹ̀ sì kéré. Iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń fi ìyẹ̀fun almond ṣe ni ó lè ṣe fún wa, owó rẹ̀ kò sì tó ti almond rárá. Ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń bá a lò. Èmi a máa ra èyí tí a ti bó, n ó ṣà á lórí àtẹ títí kò ní sí èèpo kan nínú rẹ̀, n ó sì yan án nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná tí kò le, bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, n kò sì ní yé rò ó títí yóò fi yí sí àwọ̀ wàrà tí òórùn rẹ̀ yóò fi dà bí ti ẹ̀pà sísun. Bí a kò bá yan án, òórùn ọbẹ̀ ni yóò máa ti inú kéèkì jáde. N ó jẹ́ kí ó tutù pátápátá, nítorí pé ègúsí gbígbóná yóò di lẹ́ẹ̀ bí a bá lọ̀ ọ́. Nígbà tí mo bá wá dà á sínú bìlẹ́ńdà, díẹ̀díẹ̀ ni; n ó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, n ó dá a dúró, n ó gbọ̀n ọ́n, n ó tún tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ lọ láìdúró, òróró rẹ̀ yóò jáde, yóò sì lẹ̀ mọ́ ìdí bìlẹ́ńdà bí ògì. Asẹ́ ni mo fi ń kù ú, èyí tí kò bá sì jáde lójú asẹ́ a padà sínú ẹ̀rọ.

Mo ti kọ́kọ́ gbé ègúsí náà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ nínú ọjà. Orí fóònù ni mo ti ń fi yangàn fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n bi mí pé kí ni ẹni tí ó wà níwájú mi lọ̀ kí ó tó kàn mí. Mo rántí pé àlìkámà ni, pé obìnrin náà tilẹ̀ sọ fún mi pé bàbá òun ni ó ń fi ṣe òkèlè. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “A jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ mi ni yóò jẹ ẹ́.” Kò bínú, ó kàn sọ ọ́ bí ó ti rí ni. Ìwọ̀n gluten tí òfin Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà fi àyè gbà nínú oúnjẹ tí a bá kọ “kò ní gluten” sí lára kò gbọ̀dọ̀ ju 20 mílígírámù lọ nínú kílò kan, èyí tí ojú kò lè rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra bìlẹ́ńdà, asẹ́ àti ṣíbí onígi tí fúláwà kò gbọdọ̀ dé, mo sì kó wọn sínú báàgì kan lọ́tọ̀.

Ti adùn rẹ̀ gba ìrònú púpọ̀. Màmá sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, àwọn a máa lá àgbáyun kí àwọn tó jẹ ọsàn kíkan, ọsàn náà a sì dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n orí ahọ́n ni àgbáyun ti ń ṣiṣẹ́, iná sì ń ba ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́, kò wúlò nínú kéèkì. Àwa Yorùbá ní ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí èso pupa ìdí rẹ̀ ní thaumatin, ohun adùn kan tí ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 1,000, síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tí ń tà á ní lílọ̀ fún alásè nínú ìlú yìí, ó sì dùn mí. Erythritol, ohun adùn kan tí a ń lò dípò ṣúgà, ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi ránṣẹ́. Adùn rẹ̀ tó bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá ti ṣúgà, kì í sì í gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí kan ní Cleveland ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn tí erythritol pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń ṣe jù. Wọn kò tíì fi hàn pé òun gan-an ni ó fà á, ṣùgbọ́n ó tó fún mi láti dín in kù sí ìdajì, kí n sì fi èèpo ọsàn rírin àti fànílà kún un.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyí. Mo máa ń wọn 120 gírámù ìyẹ̀fun ègúsí àti 30 gírámù ti àgbọn, n ó pò wọ́n mọ́ ṣíbí kékeré kan àti ààbọ̀ baking powder, lẹ́yìn tí mo bá ti ka ara agolo rẹ̀ bóyá àgbàdo ni wọ́n fi ṣe sítáàṣì inú rẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ díẹ̀. Nínú abọ́ mìíràn, n ó lu ẹyin mẹ́rin tí kò tutù pẹ̀lú 40 gírámù erythritol títí yóò fi hó tí yóò sì funfun, iṣẹ́ yìí kò sì gbọdọ̀ yá ènìyàn lára láti fò, nítorí pé ibẹ̀ ni kéèkì ti ń rí atẹ́gùn rẹ̀. N ó da 60 gírámù bọ́tà yíyọ́ àti ṣíbí mẹ́rin wàrà àgbọn sí i, pẹ̀lú èèpo ọsàn rírin àti fànílà, n ó wá da ìyẹ̀fun lé e, n ó sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí àgbọn lè mu omi tirẹ̀ tán. Ó ń tó kéèkì kékeré mẹ́wàá. Nínú ààrò onígáàsì, ní 170°C, ìṣẹ́jú méjìlélógún ni. Ẹni tí kò bá ní ààrò lè da yanrìn gbígbẹ tó ìka méjì sínú ìkòkò nínípọn, kí ó dé e, kí ó jẹ́ kí ó gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì gbé agolo kéèkì lé orí irin nínú rẹ̀. Kí a má ṣe yọ wọ́n kúrò nínú agolo nígbà tí wọ́n ṣì gbóná, wọn yóò fọ́. Bí wọ́n bá ti tutù ni wọ́n ń le.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo gbé e lọ sí Ìléṣà, 127 ni ẹ̀rọ kà kí màmá tó jẹ ọ̀kan, ó sì kà 144 lẹ́yìn wákàtí méjì. Wọn kò dá oògùn wọn dúró, n kò sì ní jẹ́ kí wọ́n dá a dúró nítorí kéèkì. Wọ́n jẹ ẹ́ tán lójú mi, wọ́n gbọn èérún rẹ̀ kúrò lára aṣọ wọn, wọ́n wá ní, “Àbẹ̀kẹ́, ó dára, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ òórùn ègúsí díẹ̀ nínú rẹ̀.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti fi ìṣẹ́jú méjì kún yíyan ègúsí náà láti ìgbà náà, mo sì ń fi èèpo ọsàn méjì sí i dípò ẹyọ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nílé lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Kejìlá. Àgbọn mẹ́ta ti wà lórí páànù níta báyìí, mo fi aṣọ àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin.