Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí ọ̀rọ̀ erin àti igún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sílé ìwé lọ sọ̀rọ̀ ẹranko igbó fáwọn ọmọ, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Ó tó ọdún mélòó kan tó jẹ́ fọ́tò erin inú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn nìkan ni mò ń gbé kiri, torí tí mo bá ti gbé e jáde báyìí àwọn ọmọ á pariwo, tíṣà á ní kí n tún padà wá, àwọn òbí á dá owó fún iṣẹ́ ìdáàbòbò ẹranko. Irọ́ kọ́ ni mò ń pa, erin inú igbó ń tán lọ lóòótọ́, 2021 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹranko tó ń tán lọ, kà á mọ́ àwọn tó fẹ́ pa rẹ́, òun ló sì ń jẹ èso tó ń yàgbẹ́ kóró ẹ̀ káàkiri tígi fi ń hù.

Ọjọ́ kan ni mo dé odò ẹran n'Ìbàdàn, bàbá alápatà kan bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rí erin níbí rí? Igún tó máa ń kún orí páànù yìí, tó ń bá wa palẹ̀ ìfun mọ́, ibo ló lọ?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Igún olórí pípá yẹn, 2015 ni IUCN ti kọ òun náà mọ́ àwọn tó fẹ́ pa rẹ́, ẹyin kan péré ló máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń ta orí ẹ̀ lọ́jà egbòogi. Ní Índíà, diclofenac, oògùn ara ríro tí wọ́n ń fún màlúù, ló pa àwọn igún tó ń jẹ òkú màlúù bí ẹni gbálẹ̀, ajá ìgboro bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òkú màlúù, ajá pọ̀, dìgbòlugi náà pọ̀, kí wọ́n tó fòfin de oògùn yẹn fún màlúù ní 2006.

Mo wá fi igún rọ́pò erin pátápátá. Àwọn ọmọ bojú, owó tá a rí ò tó owó mọ́tò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Erin ni mo kọ́kọ́ ń gbé jáde báyìí, tára wọn bá ti balẹ̀, màá ní "A kì í pa igún," àwọn náà á dáhùn pé "a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí," màá wá bi wọ́n pé kí ló dé táwọn àgbà fi sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu wọn.

Ọ̀rọ̀ owó náà, ẹ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé díẹ̀ máa lọ fún igún. Mo ti gbowó erin ná fún igún rí láìsọ, ẹni tó fún wa mọ̀, inú bí i, kò sì fún wa mọ́. Ẹ̀bi mi ni.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan ní màmá òun ń ta egbòogi, òun máa bi wọ́n nípa orí igún tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo ṣì ń retí èsì.