Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Àríyànjiyàn Lórí Ron Clarke

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré ìje ọ̀nà jíjìn, kò sì sí sárésáré tí orúkọ rẹ̀ ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín wa tó Ron Clarke, ọmọ Ọsirélíà tó dolóògbé ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Àwọn kan á ní kò sí akẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tirẹ̀, nítorí pé ó fi àkọsílẹ̀ àgbáyé 17 lélẹ̀, láti orí eré máìlì méjì títí dé eré wákàtí kan, níbi tí wọ́n ti ń wọn bí ènìyàn ṣe lè sá jìnnà tó láàárín wákàtí kan. Àwọn mìíràn á bèèrè pé góòlù rẹ̀ dà, nítorí pé idẹ kan ṣoṣo ló gbà ní Òlíńpíìkì, fàdákà mẹ́rin ló sì kó bọ̀ láti ìdíje Commonwealth láìsí góòlù kankan. Òótọ́ ni tọ̀tún-tòsì ń sọ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ bí èmi ṣe ń dá ẹjọ́ yìí báyìí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ ni pé kí a wo eré náà fúnra rẹ̀ kí a tó máa jiyàn lórí ẹni tó gbà á. Ẹ wo eré 10,000 mítà ní Tokyo ní ọdún 1964. Clarke ló ni àkọsílẹ̀ àgbáyé nígbà náà, òun náà ló sì ń ṣáájú, tí ó ń fi eré kún eré ní ìyípo kan, tí ó sì ń dẹwọ́ díẹ̀ ní ìyípo tó tẹ̀ lé e, kí okun lè tán nínú àwọn tó ń lé e. Nígbà tí ó fi máa ku ìyípo kan ṣoṣo, Billy Mills ti Amẹ́ríkà àti Mohammed Gammoudi ti Tùnísíà nìkan ló ṣì lè bá a rìn. Ẹnì kan tí wọ́n ti fẹ́ fi odindi ìyípo kọjá wá dí Clarke níwájú, Mills sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó ráyè yà. Clarke fi ọwọ́ ti Mills síta. Bó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni Gammoudi gba àárín àwọn méjèèjì kọjá, ó sì ń lọ. Clarke sáré lé e, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tì síta ló já wá ní mítà ìkẹyìn, tí ó sì gba góòlù mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Mills sá a ní 28:24.4 (ìṣẹ́jú 28 àti ìṣẹ́jú àáyá 24.4), Gammoudi ní 28:24.8, Clarke ní 28:25.8.

Ẹni tó bá wo eré yìí dáadáa kò ní pe Clarke ní ojo, nítorí òun ló ru ẹrù eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún yẹ kí àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ máa wá àwáwí fún un. Tokyo kò ga bíi Mexico City tí ó ti tún sá Òlíńpíìkì ní ọdún 1968, afẹ́fẹ́ kò wọ́n níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Clarke kò ní eré tó le ní igba mítà ìkẹyìn, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń gbìyànjú láti já gbogbo ènìyàn sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀. Láti ara èyí ni mo ti mú àṣà kan tí n kò fi ṣeré rárá: akẹ́kọ̀ọ́ mi tó bá fẹ́ràn láti máa ṣáájú, mi ò ní kó má ṣáájú mọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wúwo ni màá ní kó wá sá ọ̀ọ́dúnrún mítà kan péré pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù.

Ohun tó mú kí n ka Clarke sí ẹni ńlá ni ohun tó ṣe lẹ́yìn Tokyo. Oníṣirò owó ni, iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe jẹun, nítorí wọn kì í sanwó fún sárésáré nígbà náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1965, ó sá máìlì mẹ́ta ní London ní 12:52.4, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sá a láì tó ìṣẹ́jú 13. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Oslo, ó sá 10,000 mítà ní 27:39.4. Àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni 28:15.6 tí òun fúnra rẹ̀ sá ní Melbourne ní ọdún 1963. Lójú ẹni tó mọ eré yìí, ìṣẹ́jú àáyá 36 kì í ṣe ohun kékeré. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni àwọn ẹlòmíràn máa ń jà lé lórí. Kò tún sí ẹni tó lè sọ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn pé ìṣẹ́jú 28 ni òpin ohun tí ara ènìyàn lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ Mexico City ní ọdún 1968 yàtọ̀ pátápátá, kò sì yẹ kí a pa á pọ̀ mọ́ ti Tokyo. Ìlú náà fi bíi 2,240 mítà ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí sárésáré ń rí fà símú níbẹ̀ kéré gan-an, eré tó gùn ló sì ń jìyà rẹ̀ jù. Naftali Temu ti Kẹ́ńyà ló gba 10,000 mítà náà ní 29:27.4, àkókò tó lọ́ra púpọ̀ sí ti Oslo. Clarke ṣe ipò kẹfà, ó sì dákú ní ìparí, wọ́n ń fi ọ́síjìn sí i nímú, dókítà ikọ̀ Ọsirélíà sì ń sunkún lórí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó tún padà wá sá 5,000 mítà, ó sì ṣe ipò karùn-ún. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́tàlá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórí ọkàn. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ń lọ sáré ní ilẹ̀ gíga, mo máa ń ní kí ó ti gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ó sì jáde nínú eré bí orí bá ń yí i. Ìgboyà Clarke ní ọjọ́ yẹn wú mi lórí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọmọ ẹlòmíràn dán an wò.

Àwọn olólùfẹ́ Clarke kò lè ṣe kí wọ́n má mẹ́nu ba Emil Zátopek, ìlúmọ̀ọ́ká sárésáré ọ̀nà jíjìn ọmọ Czechoslovakia. Nígbà tí Clarke lọ kí i ní Prague ní ọdún 1966, Zátopek ki nǹkan kékeré kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí ó tú u, àmì ẹ̀yẹ góòlù 10,000 mítà tí Zátopek gbà ní Helsinki ní ọdún 1952 ló bá níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò gbà kí wọ́n máa kà á mọ́ góòlù Clarke. Ẹ̀bùn ni. Ohun tó fi hàn ni pé ẹni tó ti gba góòlù Òlíńpíìkì mẹ́rin, tó sì mọ ohun tó ń náni, ka Clarke sí ẹgbẹ́ ara rẹ̀, ẹ̀rí yẹn sì tó mi.

Ohun tí mo bẹ̀ yín lé lórí jù ni pé kí a má fi ìtẹ́nilẹ̀ Mills gbé Clarke ga. Mo máa ń gbọ́ pé orí ló ṣe Mills ní Tokyo. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ní oṣù kẹfà ọdún 1965 ni Mills àti Gerry Lindgren tí òun náà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà jọ sá máìlì mẹ́fà ní 27:11.6, tí wọ́n sì jọ gba àkọsílẹ̀ àgbáyé náà lọ́wọ́ Clarke. Sárésáré gidi ló borí rẹ̀ ní Tokyo. Ọjọ́ 17 péré ni àkọsílẹ̀ yẹn lò lọ́wọ́ wọn, nítorí bí Clarke ti ń sá 10,000 mítà ní Oslo, ó kọjá máìlì mẹ́fà, tí kò tó 10,000 mítà, ní 26:47.0.