Ilé Tí Òfin Kò Fún Un

Ọjọ́ 24, oṣù Kẹsàn-án

Irú òní ní ọdún 2014 ni Deborah Cavendish, Duchess ti Devonshire (Duke ni oyè ìjòyè ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Duchess ni ìyàwó rẹ̀), jáde láyé lẹ́ni ọdún 94. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà ilé Mitford, ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì máa ń gba gbogbo àyè bí wọ́n bá dárúkọ ìdílé náà. Iṣẹ́ tó ṣe ní Chatsworth, ilé ńlá ìdílé ọkọ rẹ̀ ní Derbyshire, ló jẹ mí lógún ní tèmi.

Nígbà tó fẹ́ Andrew Cavendish ní 1941, kò sẹ́ni tó rò pé yóò di Duchess. Billy, ẹ̀gbọ́n Andrew, ni àrólé. Oṣù Karùn-ún 1944 ni Billy fẹ́ Kathleen, àbúrò John Kennedy tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti yìnbọn pa á lójú ogun ní Belgium. Kò bímọ, oyè bá yà sọ́dọ̀ Andrew.

Bàbá Billy àti Andrew, tó jẹ́ Duke nígbà náà, mọ ohun tí owó orí ogún ń fojú ìdílé rí. Ó ti yí ọ̀pọ̀ ohun ìní rẹ̀ kúrò lórúkọ ara rẹ̀ ní 1946. Àmọ́ òfin ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọdún 5 sí i láyé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba yóò kà á mọ́ ogún. Oṣù Kọkànlá 1950 ló kú lójijì, nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 péré. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba bù lé ogún náà. Ọdún 17 ni wọ́n fi dúnàá-dúrà, èlé sì ń gorí gbèsè ní gbogbo àkókò yẹn. Wọ́n ta ọ̀pọ̀ ilẹ̀, wọ́n ta àwọn àwòrán iyebíye, wọ́n sì yọ̀ǹda Hardwick Hall, ilé àtijọ́ wọn mìíràn, dípò owó.

Ilé tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà yìí kò rọrùn láti gbé. Nígbà ogun, ọjọ́ 11 ni wọ́n fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tí nǹkan bí 300 akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Penrhos College fi kó wọlé. Yàrá ńláńlá tí wọ́n kọ́ fún àlejò ọba ni àwọn ọmọ náà ń sùn. Èémí wọn lóru ń di omi sára ògiri tútù, ni ọ̀rinrin bá hu èébu sẹ́yìn àwọn àwòrán. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Hungary méjì, Ilona àti Elisabeth Solymossy, tí wọ́n ti bá Kathleen ṣiṣẹ́ ní London, ló kó òṣìṣẹ́ jọ tí wọ́n fọ ilé náà mọ́ kó tó ṣí fún aráyé ní 1949.

Òrùlé rẹ̀ nìkan fẹ̀ tó éékà kan àti díẹ̀, òjé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí oòrùn bá mú òjé, á fẹ̀. Bí òtútù bá mú un, á sún kì. Bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, á là, omi á wọlé sára igi. Ẹni tó bá ní irú òrùlé yẹn kò lè ṣíwọ́ àtúnṣe láé.

Kí Deborah àti ẹbí rẹ̀ tó kó wọlé ní 1959, wọ́n tún wáyà iná, páìpù omi àti ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe. Wọ́n fi balùwẹ̀ 17 kún ìwọ̀nba tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣe ilé gbígbé mẹ́fà fún òṣìṣẹ́. Wọ́n pa ilé ìdáná ńlá àtijọ́ tì, wọ́n kọ́ tuntun sítòsí yàrá oúnjẹ. Lójú mi, èyí ló gbọ́n jù: ọ̀nà jíjìn ni oúnjẹ ti ń tutù.

Lẹ́yìn náà ló wá bí ilé yóò ṣe máa bọ́ ara rẹ̀. Ní 1973, wọ́n ṣí ọgbà ẹran ọ̀sìn káwọn ọmọ ìlú ńlá lè rí ibi tí wàrà ti ń wá. Ní 1977, ó ṣí ìsọ̀ oko ní Pilsley, abúlé kan nítòsí, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ta ẹran màlúù àti àgùntàn tí wọ́n dì fún fìríìsà. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn adìyẹ gan-an, ó sì mọ ẹran ọ̀sìn dunjú. Ní 1981, wọ́n yá àjọ àánú ní ilé náà fún ọdún 99, ẹbí sì ń san owó yàrá tí wọ́n ń gbé.

Síbẹ̀, ọkùnrin ni oyè náà ń tẹ̀ lé. Nígbà tí Andrew kú ní 2004, ọmọ wọn ọkùnrin di Duke, ìyàwó rẹ̀ di Duchess. Deborah kó lọ sí Old Vicarage ní Edensor, abúlé tó wà nínú ilẹ̀ Chatsworth.