Ilé Amọ̀ Tí Mo Wó, Ilé Amọ̀ Tí Mo Ń Rẹ́

"Ta ló ní kó o fi sìmẹ́ńtì síbẹ̀?"

Ọmọ tó bi mí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, orúkọ mi gbalaja ló sì fi pè mí. Òun ni ọ̀gá wa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí ìlú yìí ṣe rí. Ihò kékeré kan ló wà lára ògiri ilé àgbẹ̀ àtijọ́ kan ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Mo po sìmẹ́ńtì, mo dí i, mo rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Ọdún 12 ni mo fi ṣe bíríkìlà ní Ìsẹ́yìn kí n tó wá síbí, kú iṣẹ́ ni mò ń retí. Ó ní kí n gbẹ́ ẹ kúrò kíá kó tó gan.

Òpó àti ìtì igi oak ló gbé ilé náà ró, kì í ṣe ògiri. Láàárín òpó sí òpó ni wọ́n ti hun ọ̀pá igi bí ẹni ń hun apẹ̀rẹ̀, wọ́n wá po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ àti imí màlúù, wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ nínú àti lóde. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń mu omi, ooru àti atẹ́gùn á sì tún fà á jáde. Ẹ wá fi sìmẹ́ńtì bò ó: omi á há sínú, igi tó ti lé ní 500 ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Lime ni wọ́n ń fi rẹ́ ẹ, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná. Orúkọ ilé náà sì wà nínú ìwé ìjọba, lára àwọn ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò. Ẹni tó bá dáwọ́ lé e láìgbàṣẹ, ẹjọ́ ọ̀daràn ló ń wá.

Ọ̀daràn, nítorí amọ̀! Mo rẹ́rìn-ín délé.

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Singleton ní West Sussex, níbi tí mùsíọ́mù Weald and Downland kó àwọn ilé àtijọ́ jọ sí. Ilé àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bayleaf ni mo bá lọ. Chiddingstone ní Kent ni àgbẹ̀ kan kọ́ ọ sí níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1400. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ adágún omi Bough Beech, wọ́n tú u ní igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá tò ó padà síbí. Àárín gbọ̀ngàn ni wọ́n ń dáná sí, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí ihò èéfín, òrùlé ni èéfín ń bá lọ. Fèrèsé kò ní gíláàsì. Ṣalángá wá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó yọ sóde lára ògiri, ohun tó bá jáde ń já sílẹ̀ pàà. Àwọn tó ń fi ṣalángá bú wa nìyí o!

Mo gbé ọwọ́ lé ògiri. Ó tutù.

Bí ògiri yàrá bàbá mi ṣe ń tutù nìyẹn. Èmi ni mo fowó ránṣẹ́ ní 2014 pé kí wọ́n wó o, torí ojú ń tì mí kí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ wá sin ìyá wa má bàa bá ilé alámọ̀. Búlọ́ọ̀kù ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Bàbá ò bá mi jà. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, wọ́n á gbé àga wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó di alẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Mo bi wọ́n lórí fóònù bóyá ilé wù wọ́n. "Ilé yín dáa. Ó kàn ń gbóná ni."

Ilé yín. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, a sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo pe àbúrò mi lálẹ́ Sátidé yẹn, mo ní ṣé ògiri àtijọ́ kankan ṣẹ́ kù. Ó ní ti ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, pé ìdajì ti wó, adìẹ ló ń yé síbẹ̀. Mo ní kó wá páànù bò ó kí òjò tó dé, kẹ́nikẹ́ni má sì fi sìmẹ́ńtì kàn án.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dá yín padà wálé?"