Ṣé àwọn ọmọ yìí ò ka ẹ̀sìn sí mọ́ lóòótọ́?

Ẹni tó bá ní àwọn ọ̀dọ́ òde òní ò bá Ọlọ́run ṣe mọ́, kó wá sun ilé wa lọ́jọ́ kan ná. Lóru àná NEPA ti mú iná lọ, ooru ò jẹ́ kí n sùn, mo dìde pé kí n lọ bu omi mu ni mo bá ń gbọ́ "alelúyà" wúyẹ́wúyẹ́ ní pálọ̀. Àbúrò mi obìnrin ni o, ẹni tó jẹ́ pé tó bá ti di àárọ̀ Sunday inú rírun dé nìyẹn 😂 Ó fi nẹ́ẹ̀tì ìrun bo orí, íapíìsì ní etí kan, fóònù ti ku 9%, Hallelujah Challenge, ètò ìyìn Ọlọ́run orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń bá wọn ṣe, èyí tí Nathaniel Bassey, olórin ìyìn, bẹ̀rẹ̀ lórí Instagram ní 2017, aago méjìlá òru ni tiwọn, kọ́mẹ́ǹtì ń ya bí omi òjò.

Màámi ní fóònù kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ní "Mọ́mì, ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn aṣọ mi ni wọ́n ń wò, wọ́n á tún bi mí ìgbà tí mo máa lọ́kọ." Màámi kọjú sí mi bíi pé èmi ni mo kọ́ ọ 🙄

Témi ni pé kì í ṣe Ọlọ́run ni wọ́n ń sá fún, ẹnu àwa àgbà ni. Ọmọ Mùsùlùmí tó wà ní kọ́ńpáǹdì wa náà ńkọ́, dàda lórí, jíǹsì tó ya lórúnkún, àmọ́ tó bá ti di oṣù ààwẹ̀ òun ló ń lu páànù jí gbogbo wa sí sààrì, àtẹni tó ń gbààwẹ̀ àtẹni tí ò gbà 😩