Òkúta Grafton Tyler Brown

Alẹ́ Ọjọ́rú

Wọ́n mú iná láago mẹ́sàn-án, iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí mo bẹ̀rẹ̀ dúró sójú kan. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo ń wo àwòrán kan lórí fóònù: àfonífojì Yellowstone ní Amẹ́ríkà, àpáta bí pupa ẹyin, ọ̀sọọ̀rọ̀ omi funfun lọ́ọ̀ọ́kán.

Grafton Tyler Brown ló yà á ní 1890. Ẹni dúdú ni, ọmọ òmìnira, tí wọ́n bí ní Harrisburg, Pennsylvania, ní 1841. Kó tó máa ya òkè àti omi, iṣẹ́ ìtẹ̀wé orí òkúta ló ń ṣe ní San Francisco, iṣẹ́ tó bí tiwa yìí.

Òkúta ẹfun pẹrẹsẹ ni wọ́n ń lọ̀ títí á fi dán. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì ọlọ́ràá yàwòrán sí i, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n po ásíìdì díẹ̀ mọ́ pa á, wọ́n á fomi rin ín, wọ́n á wá yí íǹkì lé e. Ibi tó lọ́ràá nìkan ni íǹkì ń lẹ̀ mọ́. Dòní olónìí, omi àti íǹkì náà ni mò ń bá fà á: omi pọ̀ díẹ̀, àwòrán á ṣá, omi dín, bébà á dọ̀tí.

Òdì sì ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀, bí ẹni wo ìwé nínú dígí. Báyìí ni Brown ṣe ya máàpù àti ìwé ìpín fún àwọn ilé-iṣẹ́ awakùsà, lẹ́tà wínńkinwìnnìkin. Àwòrán 72 ló yà fún ìwé ìtàn San Mateo, àgbègbè kan nítòsí San Francisco, ní 1878. Mo gbìyànjú láti kọ orúkọ mi lódì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn páálí íǹkì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́ kí S tó dúró.

Nígbà tó dé California, ìpínlẹ̀ tí San Francisco wà, òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí ẹni dúdú jẹ́rìí tako òyìnbó nílé ẹjọ́. 1863 ni wọ́n tó yí i padà. 1867 ló dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Èèyàn pupa ni. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ pè é ní ẹni dúdú, àwọn tẹ̀yìn pè é ní òyìnbó. Bó bá jẹ́ pé òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ò ní bú u. Ẹni tó bá irú òfin yẹn nílẹ̀ mọ ohun tó rí. Síbẹ̀ ó dùn mí wọnú egungun: nínú àwọn èèyàn tirẹ̀, ta ló lè pàdé rẹ̀ nígboro, kó kí i ní gbangba pé ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta?

Ó ta ilé-iṣẹ́ náà ní 1879. Ní 1882 ó bá àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò ní Kánádà wọ àárín òkè. Lọ́dún kejì, ó pàtẹ àwòrán 22 ní Victoria, ìlú kan ní Kánádà níbẹ̀. Ó tún padà sídìí yíya máàpù ní St. Paul, Minnesota, kó tó kú ní 1918.

Ọdún bíi mẹ́wàá yẹn, tó fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ya òkè, ni mo fẹ́ràn jù. Lórí kánfáàsì, ohun tó wà lọ́tùn-ún dúró lọ́tùn-ún.

Iná dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Mo nu rólà, mo tún wo omi funfun yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo wá tan ẹ̀rọ.